Bọ́ǹdì Tí Wọn Kò Ní Tà: Ìtàn Ìlérí Kan Nínú Ìwé Ìṣirò Báǹkì

Nínú ìwé ìṣirò tí ilé-iṣẹ́ tó ni Silicon Valley Bank, ní California, gbé jáde fún ọdún 2022, ìlà kan wà lójú ìwé tí wọ́n to ohun-ìní wọn sí. Ìlà náà sọ pé wọ́n ní bọ́ǹdì bílíọ̀nù 91.3 dọ́là tí wọn kò ní tà títí ọjọ́ ìsanpadà rẹ̀ yóò fi pé. Lórí ìlà kan náà, nínú àmì àkámọ́, wọ́n kọ ọ́ pé bí a bá gbé àwọn bọ́ǹdì yìí lọ sọ́jà lọ́jọ́ tí ọdún parí, bílíọ̀nù 76.2 ni wọn yóò mú wá. Ẹ yọ èkejì kúrò nínú èkíní: bílíọ̀nù 15.1 ló sọnù sí àárín. Bẹ́ẹ̀ gbogbo owó tó jẹ́ ti àwọn onípìn-ín, lẹ́yìn tí a bá yọ gbèsè kúrò, kò ju bílíọ̀nù 16.3 lọ. Wọn kò purọ́, wọn kò fi nǹkan pamọ́. KPMG tó yẹ ìwé náà wò fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì 2023. Ọjọ́ mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà, ìjọba ti báǹkì náà pa.

Àwọn kan ní àwọn ọ̀gá báǹkì ló ṣe wọ̀bìà, àwọn mìíràn ní àwọn alábòójútó ló sùn lọ. Ó ṣeé ṣe kí méjèèjì jẹ́ òótọ́. Ohun tó jẹ mí lógún ní tèmi ni àmì àkámọ́ yẹn. Ta ló pàṣẹ pé kí bílíọ̀nù 15 jókòó sínú rẹ̀, kó má bọ́ síta sáàárín èrè àti òfò níbi tí gbogbo ojú yóò ti rí i? Àṣẹ náà kì í ṣe ti àná. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àwọn tó sì kọ́kọ́ pa á kì í ṣe òmùgọ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń sọ ná, torí kì í ṣe akáǹtáǹtì nìkan ló ń ka ibí yìí. Ìwé gbèsè ni bọ́ǹdì. Ẹ yá ìjọba lówó, ìjọba ń san èlé fún yín lọ́dọọdún, ọjọ́ tó bá pé wọn yóò dá ojú owó yín padà. Ká ní bọ́ǹdì mílíọ̀nù kan náírà ni ẹ rà, èlé rẹ̀ jẹ́ 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì di ọdún kẹwàá kí wọ́n tó san án. Kò pẹ́ tí ẹ rà á tí èlé gbogbo ìlú fi gòkè. Bọ́ǹdì tuntun ń mú 15 wá. Ta ni yóò tún fi mílíọ̀nù kan ra tiyín? Bí ẹ bá gbé e lọ sọ́jà, nǹkan bíi ₦749,000 ni wọn yóò fún yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fọwọ́ lérán, ₦100,000 yín á máa wọlé lọ́dọọdún, ní ọdún kẹwàá ẹ ó gba mílíọ̀nù yín pé. Ṣé ẹ pàdánù àbí ẹ ò pàdánù?

Ìdáhùn méjì làwọn akáǹtáǹtì ní sí i. Àwọn kan ní ká kọ iye tí ọjà sọ, ₦749,000, ká gbà pé òfò ti dé. Àwọn kejì ní ká kọ iye tí ẹ fi rà á. Bó bá jẹ́ ₦960,000 ni ẹ sì rà á, tí wọn yóò san mílíọ̀nù kan, ₦40,000 tó wà láàárín ni a óò pín sórí ọdún mẹ́wàá, kí iye inú ìwé máa gùn díẹ̀díẹ̀, bíi ₦4,000 lọ́dún bí a bá fẹ́ kó rọrùn, títí yóò fi bá mílíọ̀nù kan pàdé lọ́jọ́ ìsanpadà. Ọjà lè jó, ọjà lè ṣubú, ìwé kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà kejì yìí dá lórí gbólóhùn kan ṣoṣo láti ẹnu ẹni tó ni bọ́ǹdì: mi ò ní tà á.

Alájọ ni mo máa ń fi ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì. Alájọ kan ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà láràárọ̀. Ó fi owó náà ra iṣu kún abà. Oníṣòwò kan láti Èkó ti bá a dá iye pọ̀ pé òun yóò wá kó gbogbo rẹ̀ lóṣù kẹfà, oníṣòwò yìí kì í sì í yẹ àdéhùn. Nínú oṣù kejì, iṣu já wálẹ̀ lọ́jà. Alájọ ní kò kan òun, òun ò tíì fẹ́ tà. Òótọ́ ló sọ, bó bá jẹ́ owó tirẹ̀ ló fi ra iṣu. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá ọlọ́jà lẹ́tọ̀ọ́ láti wá gba owó wọn lọ́jọ́ tó wù wọ́n. Ọjọ́ tí gbogbo wọn bá dé lẹ́ẹ̀kan, ohun tó wà lọ́kàn alájọ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Iye tí iṣu ń lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an ló kù. Nínú gbogbo ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ máa wo abà iṣu, kí ẹ sì máa wo àwọn ìyá ọlọ́jà. Ìgbà tí àwọn aṣòfin ìṣirò bá gbàgbé ọ̀kan nínú méjèèjì ni nǹkan máa ń bàjẹ́.

Ó di Amẹ́ríkà, ọdún 1931. Ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀. Báǹkì ń kú bí adìẹ tí àrùn wọ ilé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní bọ́ǹdì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin àti ti ìjọba ilẹ̀ òkèèrè, iye àwọn bọ́ǹdì yìí lọ́jà sì ń já lójoojúmọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ìwé báǹkì wò á dé, wọ́n á ṣí ìwé ìròyìn wo iye ọjà, wọ́n á yọ òfò kúrò nínú owó báǹkì, wọ́n á ní owó rẹ kò tó mọ́, wá nǹkan ṣe sí i. Kí ni báǹkì yóò ṣe? Yóò ta bọ́ǹdì. Bó ti ń tà, iye ọjà tún ń já. Òṣìṣẹ́ ìjọba á kọjá sí báǹkì kejì, iye tuntun tó já yẹn ló sì máa fi yẹ ìyẹn wò. Ìṣirò fúnra rẹ̀ di ohun tó ń ti báǹkì ṣubú.

John Pole, ẹni tó ń ṣàbójútó àwọn báǹkì tí ìjọba àpapọ̀ fún ní ìwé àṣẹ, pàṣẹ lọ́dún yẹn pé kí wọ́n má yọ òfò ọjà kúrò lórí bọ́ǹdì tó wà ní ìpele mẹ́rin tó ga jù nínú máàkì tí àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Moody's ń fún bọ́ǹdì. Ìfọwọ́tọ́ ọgbẹ́ lásán ni, kì í ṣe òfin gbogbo ìlú. Ó di 1937 tí ọrọ̀ ajé tún padà wó, kí wọ́n tó gbé ọ̀rọ̀ náà sórí tábìlì.

Ẹni tó gbé e síbẹ̀ ni Marriner Eccles, olórí Federal Reserve, báǹkì àpapọ̀ wọn. Ọmọ Utah ni, oníbáǹkì ni kó tó dé Washington. Ohun tó ń sọ ni pé ìyẹ̀wéwò ń ṣiṣẹ́ òdì-kejì ohun tó yẹ: nígbà tí nǹkan bá dára, òṣìṣẹ́ ìjọba á dijú, torí iye ọjà ga, nígbà tí nǹkan bá le, á la ojú rẹ̀ kalẹ̀, á sì fún báǹkì lọ́rùn lásìkò tó yẹ kí báǹkì máa yá àwọn ènìyàn lówó. Wọ́n jà sí i gidi láàárín ara wọn. Níkẹyìn, nínú oṣù Kẹfà 1938, Henry Morgenthau, mínísítà ètò ìnáwó, kéde àdéhùn tí gbogbo àwọn àjọ tó ń ṣọ́ báǹkì jọ fọwọ́ sí. Bọ́ǹdì tó bá wà ní ìpele mẹ́rin òkè, iye tí wọ́n fi rà á ni wọn yóò máa fi ṣírò rẹ̀, wọn yóò sì máa pín àlékún tí wọ́n san nígbà ìrà sórí àwọn ọdún tó kù. Ìdínkù ọjà kò ní wọ ìṣirò owó báǹkì mọ́.

Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tó bá ti rí báǹkì tó kú nítorí iye tí ẹnì kan kọ sínú ìwé ìròyìn láàárọ̀, ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé iye ọjọ́ kan kì í ṣe òtítọ́ tó pé. Wọ́n sì rántí àwọn ìyá ọlọ́jà: láti 1934 ni àjọ adójútòfò owó báǹkì, FDIC, ti ń dá owó padà fún àwọn tó fowó pamọ́ dé ìwọ̀n kan. Ẹni tó mọ̀ pé owó òun kò lè sọnù kì í sáré lọ sí báǹkì ní àárọ̀ kùtù. Àdéhùn 1938 àti adójútòfò ń rìn pọ̀ ni. Èyí ni ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn ìṣirò ń gbójú fò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ náà sùn. Ogun Àgbáyé Kejì kó bọ́ǹdì ìjọba kún inú báǹkì Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n Federal Reserve di èlé bọ́ǹdì ọlọ́jọ́ gígùn mú sí 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún títí di 1951. Bí èlé kò bá lè gòkè, iye ọjà kò lè já. Ẹ̀rù ò ba ẹnikẹ́ni láti mọ ìyàtọ̀ láàárín iye ìrà àti iye ọjà, torí ìyàtọ̀ ọ̀hún ò tó nǹkan.

Ìparí ọdún 1979 ló ta á jí. Paul Volcker gbógun ti ọ̀wọ́ngógó, èlé sì gòkè kọjá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó kọ́kọ́ fara gbá a ni àwọn ilé ìfowópamọ́ tó ń yáni lówó kọ́lé, àwọn tí wọ́n ń pè ní savings and loan. Owó ilé tí wọ́n yáni jẹ́ ti ọgbọ̀n ọdún, èlé rẹ̀ kò lè yí. Owó tí wọ́n fi yáni sì jẹ́ ti àwọn tó lè wá gbà á lọ́la. Abà iṣu àti ìyá ọlọ́jà ni, láìfi nǹkan kún un. Bí a bá fi ọjà wọ̀n wọ́n ní 1981, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú. Lórí ìwé, wọ́n ṣì ń rìn. Ìjọba tilẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́ láti máa rìn: ní 1981, àwọn alábòójútó gbà pé bí wọ́n bá ta gbèsè ilé tí wọ́n sì ṣòfò, kí wọ́n pín òfò náà sórí ọ̀pọ̀ ọdún dípò kí wọ́n kọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Òkú tó ń rìn máa ń ná owó. Àwọn tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ mọ̀ pé tiwọn ti tán, wọ́n bá fi owó àwọn ènìyàn ta tẹ́tẹ́. Láàárín 1986 sí 1995, 1,043 nínú àwọn ilé-iṣẹ́ yìí ló kú, àwọn tó ń san owó orí sì fi nǹkan bíi bílíọ̀nù 124 dọ́là tán an.

Àrékérekè mìíràn tún wà tí wọ́n rí lásìkò yẹn. Bó bá jẹ́ iye ìrà ni gbogbo bọ́ǹdì wà, báǹkì lè ta èyí tó ti lérè kó fi hàn sáyé pé òun jèrè, kó fi èyí tó ti bàjẹ́ sílẹ̀ sínú ìwé, kó ní èyí ni òun fẹ́ tọ́jú dọjọ́ alẹ́. Ó ń mú iṣu tó dára lọ sọ́jà, ó ń fi èyí tó ti rà sílẹ̀ nínú abà, bẹ́ẹ̀ iye kan náà ló kọ sára gbogbo rẹ̀.

Nínú oṣù Kẹsàn-án 1990, Richard Breeden, alága SEC, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ṣíà àti bọ́ǹdì, lọ síwájú àwọn sẹ́nétọ̀ lọ sọ pé iye ọjà ló yẹ kí báǹkì máa fi ka ohun-ìní wọn. Ilé gbóná. Alan Greenspan ti Federal Reserve takò ó. Nicholas Brady, mínísítà ètò ìnáwó, takò ó pẹ̀lú, ó ní báǹkì yóò fà sẹ́yìn nínú yíyáni lówó. Lẹ́yìn rẹ̀ Walter Schuetze di olórí akáǹtáǹtì SEC ní 1992, òun náà sì wà lẹ́yìn iye ọjà gbágbáágbá. FASB, ìgbìmọ̀ tó ń ṣe òfin ìṣirò owó ní Amẹ́ríkà, wà láàárín àwọn alágbára wọ̀nyí bí ìyàwó láàárín ẹbí ọkọ méjì.

Ohun tí wọ́n bí nínú oṣù Karùn-ún 1993 ni òfin tí wọ́n ń pè ní FAS 115. Ó pín bọ́ǹdì sí ọ̀nà mẹ́ta. Èyí tí a rà láti fi ṣòwò, iye ọjà ni, òfò rẹ̀ sì wọ inú èrè ọdún. Èyí tí a lè tà bó bá tó àkókò, iye ọjà náà ni, ṣùgbọ́n òfò rẹ̀ yóò yà gba ẹ̀gbẹ́ lọ sínú owó àwọn onípìn-ín láìkan èrè ọdún. Ẹ̀kẹta ni èyí tí báǹkì ní èrò tó dájú àti agbára láti tọ́jú títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé. Ìyẹn, iye ìrà ni. Iye ọjà rẹ̀, wọ́n á kàn sọ ọ́ fún olùkàwé ni. Ibẹ̀ ni àmì àkámọ́ wa ti wá.

Kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ẹ̀kẹta yìí ṣeré, wọ́n fi ìjìyà sí i. Bí báǹkì bá ta ọ̀kan nínú bọ́ǹdì tó ní òun kò ní tà, láìsí ìdí tí òfin gbà, gbogbo ìyókù ti di alábàwọ́n. Wọ́n á kó gbogbo wọn kúrò nínú àgọ́ ibẹ̀ lọ sí ibi tí iye ọjà ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ìdí tí òfin gbà kò pọ̀: bí ẹni tó jẹ gbèsè bá ti ń ṣàìsàn gidi, bí ọjọ́ ìsanpadà bá ti sún mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi yàtọ̀ mọ́, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kí èlé gòkè kò sí nínú wọn. Kí owó tán lọ́wọ́ báǹkì kò sí nínú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Méje ni ìgbìmọ̀ náà. Márùn-ún fọwọ́ sí i, méjì kọ̀. Clarence Sampson àti Robert Swieringa ni àwọn méjì yẹn. Wọ́n ní bọ́ǹdì kan náà, láti ọwọ́ ìjọba kan náà, tí wọ́n rà lọ́jọ́ kan náà, ni wọn yóò lè ṣírò ní ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìwé, torí ohun tí ọ̀gá báǹkì sọ pé ó wà lọ́kàn òun. Wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń ta èyí tó lérè nìkan kò tíì dí. Mo gbà pé àwọn méjèèjì ló ríran jù nínú ilé ọjọ́ yẹn, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé iye ọjà lórí ohun gbogbo, tí wọ́n ń fẹ́, ì bá ti fa wàhálà tirẹ̀. Ọkàn ènìyàn, ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò? Ọ́dítọ̀ lè béèrè ìwé ìpinnu ìgbìmọ̀ olùdarí, ó lè wo bóyá wọ́n ti tà rí. Kò lè wo inú.

Kò sì pẹ́ tí ọkàn náà fi yí. Òpin 1995, FASB ṣílẹ̀kùn fún wọn lẹ́ẹ̀kan péré, láti àárín oṣù Kọkànlá dé ìparí ọdún: ẹni tó bá fẹ́ kó bọ́ǹdì jáde kúrò nínú ẹ̀kẹta, kó kó o, kò ní sí ìjìyà. Ọ̀pọ̀ báǹkì ló kó ẹrù jáde. Àwọn tó ti búra ní èṣí pé èrò àwọn dájú!

Ní ìhà kejì òkun, òfin àgbáyé tó ń jẹ́ IAS 39 gba ọ̀nà kan náà, ó ní ẹni tó bá tà lọ́nà àìtọ́, ọdún méjì ni kò ní lè lo ẹ̀kẹta. Ṣùgbọ́n ó fi gbólóhùn kan kún un tí mo fẹ́ràn: ilé-iṣẹ́ tí kò bá ní owó tí yóò fi gbé bọ́ǹdì náà ró títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé, a kò lè sọ pé ó ní agbára láti tọ́jú rẹ̀. Ẹ rí i pé ìyá ọlọ́jà ti wọlé padà. Ìbéèrè náà kúrò lórí ohun tí ẹ fẹ́, ó bọ́ sórí owó ta ni ẹ fi rà á. Ó ṣeni láàánú pé nínú ìjàngbọ̀n 2008, lọ́jọ́ 13 oṣù Kẹwàá, àwọn tó ń ṣe òfin náà jẹ́ kí àwọn báǹkì kó ohun-ìní kúrò ní ipò òwò lọ sí ipò iye ìrà, wọ́n sì gbà kí ó ṣiṣẹ́ sẹ́yìn láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje. Àwọn olóṣèlú Yúróòpù ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí òfin IFRS 9 rọ́pò rẹ̀ ní 2018, wọ́n pa ọ̀rọ̀ èrò ọkàn lórí bọ́ǹdì kọ̀ọ̀kan tì, wọ́n ń béèrè bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń darí gbogbo àkójọ bọ́ǹdì rẹ̀. Wọ́n sì yọ ìjìyà ọdún méjì náà kúrò.

Òfin yìí ni àwọn báǹkì wa nílé ń lò. Láti 2012 ni wọ́n ti wà lábẹ́ òfin ìṣirò àgbáyé. Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣíà nínú wọn, tàbí tí owó ìfẹ̀yìntì yín wà níbẹ̀, ẹ wo bí èlé tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ń lò ṣe lọ láti 11.5 nínú ọgọ́rùn-ún níbẹ̀rẹ̀ 2022 dé 27.5 nínú oṣù Kọkànlá 2024, kí ẹ wá ro ti bọ́ǹdì ọlọ́jọ́ gígùn tí ẹnì kan rà kí ó tó gòkè. Nínú àwọn àlàyé tó wà lẹ́yìn ìwé ìṣirò, ibì kan wà tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ kọ iye ọjà sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye inú ìwé. Ẹ máa ṣí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í débẹ̀.

Gáńà tiẹ̀ kọ́ wa ní ohun mìíràn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá 2022, ìjọba ibẹ̀ ní kí àwọn tó ní bọ́ǹdì abẹ́lé òun mú un wá gba tuntun, èyí tí èlé rẹ̀ kéré tí ọjọ́ rẹ̀ sì jìnnà. Ẹni tó ní òun yóò tọ́jú tirẹ̀ títí ọjọ́ yóò fi pé wá rí i pé ọjọ́ náà ti sá lọ. Àwọn báǹkì Nàìjíríà tó ní ẹ̀ka ní Accra kọ òfò sílẹ̀ nítorí rẹ̀ nínú ìwé 2022. Ibẹ̀, oníṣòwò Èkó ló yẹ àdéhùn. Ti California, kò yẹ nǹkan kan: bọ́ǹdì tí ìjọba Amẹ́ríkà àti àwọn àjọ rẹ̀ dúró fún ni ọ̀pọ̀ rẹ̀, wọn yóò sì san án pé.

Kí ló wá pa á? Nígbà àjàkálẹ̀ kòrónà, owó ya wọ Silicon Valley Bank láti ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tuntun. Owó ìfipamọ́ ibẹ̀ lọ láti nǹkan bíi bílíọ̀nù 62 dọ́là ní ìparí 2019 dé bíi 189 ní ìparí 2021. Wọ́n fi púpọ̀ nínú rẹ̀ ra bọ́ǹdì ọlọ́jọ́ gígùn tí èlé rẹ̀ kò tó 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti oṣù Kẹta 2022, Federal Reserve bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èlé sókè láti ẹ̀gbẹ́ òdo. Kí ọdún tó parí ó ti kọjá 4. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó wọn, ìwọ̀n tó ń wọlé dínkù.

Báǹkì nílò owó. Ibi tó ti yẹ kó wá a ni bílíọ̀nù 91 yẹn, ṣùgbọ́n kò lè fọwọ́ kan ibẹ̀. Bó bá ta ẹyọ kan, àbàwọ́n ti bá gbogbo rẹ̀, bílíọ̀nù 15 á jáde kúrò nínú àkámọ́ lọ́jọ́ kan, owó àwọn onípìn-ín á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìjìyà tí wọ́n fi sí i ní 1993 kí ọkàn má bàa yí ló wá di ìdè. Nítorí náà, ọ̀wọ́ kejì, èyí tó ṣeé tà, ni wọ́n tà, bílíọ̀nù 21 dọ́là, òfò rẹ̀ sì jẹ́ bílíọ̀nù 1.8. Wọ́n kéde rẹ̀ lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹta 2023, wọ́n sì ní àwọn fẹ́ kó bílíọ̀nù 2.25 jọ lọ́wọ́ àwọn olùdókòwò. Ẹni tó bá rí òfò yẹn yóò béèrè pé èwo ló kù. Ìdáhùn wà nínú ìwé tí wọ́n ti gbé jáde.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn oníbàárà ní kí wọ́n san bílíọ̀nù 42 dọ́là fún àwọn. Ti ọjọ́ kẹta, bílíọ̀nù 100 ló tún wà lórí ìlà kí ìjọba tó ti ilẹ̀kùn. Nǹkan bíi 94 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìfipamọ́ ibẹ̀ ló kọjá 250,000 dọ́là tí FDIC ń dójú tòfò. Ẹ rántí pé adójútòfò ni ẹsẹ̀ kejì tí àdéhùn 1938 fi ń dúró. Báǹkì yìí ń lo ìṣirò 1938 pẹ̀lú àwọn ìyá ọlọ́jà 1931, tí wọ́n tún ní fóònù lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe báǹkì yìí nìkan. FDIC ti sọ ṣáájú pé òfò tí kò tíì jáde lórí bọ́ǹdì gbogbo báǹkì Amẹ́ríkà tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 620 dọ́là ní ìparí 2022. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹta, Sunday, ìjọba ní gbogbo ẹni tó fowó sí Silicon Valley Bank yóò gba owó rẹ̀ pé. Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà, Federal Reserve kéde ètò ìyánilówó kan: báǹkì tó bá mú bọ́ǹdì ìjọba wá, kì í ṣe iye ọjà ni wọn yóò wò, ojú owó ni. Bọ́ǹdì 100 dọ́là tó ń lọ ní 83 lọ́jà, 100 ni wọn yóò yá a lórí rẹ̀, fún ọdún kan. Morgenthau àti Eccles ì bá dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní 1938 orí ìwé ni wọ́n ti ṣe é, báyìí owó gidi ni wọ́n kó sílẹ̀.

Ètò náà dáwọ́ yíyáni lówó tuntun dúró ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 2024. Bọ́ǹdì olówó èlé kékeré tí àwọn báǹkì kó jọ ní 2020 àti 2021 ṣì pọ̀ nínú ìwé wọn lẹ́yìn ìgbà náà, ní iye ìrà, pẹ̀lú iye ọjà nínú àkámọ́.